Spinoza Lórí Bọ́ọ̀dù Scrabble

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu bọ́ọ̀sì wíwà, gbọ̀ngàn àwọn àgbàlagbà ní Peckham, ní London, ni mo máa ń lọ ní Ọjọ́bọ̀. A ó jẹun ọ̀sán, nọ́ọ̀sì á wo ẹ̀jẹ̀ ríru wa, a ó sì ta Scrabble, eré fífi lẹ́tà to ọ̀rọ̀ òyìnbó. Pròfẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè yunifásítì tó fún mi lóyè, èmi náà kò sì bá wọn dá a sílẹ̀. Nígbà tí mo kúrò ní Ìlaró, mo sọ fún gbogbo ilé pé mò ń lọ kàwé. Mo kà á lóòótọ́: gbogbo ibùdókọ̀ láti Camberwell dé Stockwell, bí mo bá dijú, mo lè kà á fún yín.

Lọ́dún kan, wọ́n fẹ́ fi kóòṣì, bọ́ọ̀sì ńlá tó ń rin ọ̀nà jíjìn, kó wa lọ sí etíkun Brighton, mo sì fẹ́ kí Sister Ọláwùnmí jókòó tì mí. Opó ni, ìyá ìjọ aláṣọ funfun, ìyàwó tèmi náà sì ti dolóògbé. Mo gbọ́ ọ níbi tó ti ń sọ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin olóye. Kíá, mo wọ ṣọ́ọ̀bù charity tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù, mo ra ìwé kan nípa Spinoza, Júù ọlọ́gbọ́n kan tó gbé ní Amsterdam láyé àtijọ́. Mo ka ẹ̀yìn ìwé náà tán. Inú rẹ̀ le bí òkúta, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi sábẹ́ abíyá.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Alhaji Mùsílíù jókòó kọjú sí mi. Aládùúgbò mi ni láti ìgbà North Peckham Estate, kí wọ́n tó wó o. Sister Ọláwùnmí gbé dísọ́nárì lé itan, òun ni rẹfirí. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ ta. Mo kó lẹ́tà méje tèmi, mo tò ó síwá sẹ́yìn. Spinoza ni! Ó pé pérépéré. Mo tẹ́ ẹ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú Sister ni mò ń wò, kì í ṣe ojú bọ́ọ̀dù.

“Kí lèyí?” Mùsílíù bi mí.

“Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni.”

“Challenge! Mi ò gbà. Orúkọ èèyàn nìyẹn, wọn kì í to orúkọ èèyàn. Òun ló wà lára ìwé tí ẹ máa ń gbé kiri, tí ẹ kì í ṣí.”

“Alhaji, bíró tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, orúkọ èèyàn ni tẹ́lẹ̀. Maggi náà, orúkọ èèyàn ni. Lónìí, ìkòkò wo ni kò sí?”

“Ó dáa. Ẹ bu Spinoza sọ́bẹ̀, ká tọ́ ọ wò.”

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín.

“Tí wọ́n bá gbà á fún yín,” Mùsílíù ń bá a lọ, “èmi náà á to Mùsílíù síbẹ̀. Gbogbo orúkọ ni Mìsítúrà ìyàwó mi ti pè mí, kò tíì pè mí ní ọ̀rọ̀ òyìnbó.”

Mo rojọ́ títí. Mo ní bí èèyàn bá gbọ́n kọjá ẹgbẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n lè sọ pé, “Spinoza gidi ni bàbá yìí.” Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo rọra fọwọ́ kan àyà ara mi, bóyá á yé ẹni tó yẹ kó yé.

Sister Ọláwùnmí tọ́ ìka lá, ó ṣí dísọ́nárì. “Bọ̀dá Ọládọ̀tun, kò sí níbí. Ẹ kó o kúrò.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.”

“Mo ti wò ó. Kí ni ọkùnrin náà tiẹ̀ ṣe, tí ẹ fi fẹ́ kó di ọ̀rọ̀?”

Ibi tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mo tún ọrùn aṣọ ṣe. “Àwọn èèyàn rẹ̀ lé e kúrò láàrin wọn nítorí ohun tó ń rò. Ó wá ń mú dígí awò ojú dán láti fi jẹun.”

“Kí ló ń rò?”

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀yìn ìwé parí sí. Mo wo àjà. Mùsílíù, tó yẹ kó fi mí ṣẹ̀sín, ń wo bàtà rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ní, “Sister, mi ò mọ̀. Ẹ̀yìn ìwé nìkan ni mo kà.”

“Mo mọ̀. Ìwé tí wọ́n bá ń kà kì í mọ́ tónítóní báyẹn.” Ó nawọ́, ó yọ awò kúrò lójú mi, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu epo mọ́ínmọ́ín tó wà lára rẹ̀. “Ẹ wo ìdọ̀tí! Bí ẹni tó ń mú dígí dán yẹn bá rí yín, á sá.”

Nígbà tó dá a padà sójú mi, ojú tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, kedere, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo gbólóhùn tí mo ti tò sílẹ̀ sá lọ.

“Sister, tí a bá ń lọ sí Brighton, ṣé ẹ máa jókòó tì mí?”

“Kí n jókòó ti ẹ̀yin, àbí ti Spinoza?”

“Èmi nìkan ni.”

“Ẹ fi ìwé sílé, nígbà náà. Chin-chin ni kí ẹ gbé dání.”

Mùsílíù nà mí nínakúnà lórí bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Lọ́jọ́ Brighton, kóòṣì kò tíì jáde ní London tí Sister Ọláwùnmí ti sùn, orí rẹ̀ wà léjìká mi. Mo ń wo pápá lójú fèrèsé, mo rántí ọ̀nà Ìlaró, ilẹ̀ pupa rẹ̀, àti bí ìyá mi ṣe dúró lẹ́bàá ọ̀nà títí tí mi ò fi rí i mọ́. Ó wù mí kí n sọ ọ́ fún Sister. Láyé mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní ohun kan tí mo mọ̀ dáadáa láti sọ, ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún sì ń hanrun.