Ajá Tí Kò Já

"Ó ti já! Ó ti tún já!"

Ọ̀gá ti tẹ rìmóòtù bẹ́líìtì oníná tó wà lọ́rùn ajá kó tó sọ̀rọ̀ náà tán. Ní àárín pápá, ajá dúdú náà fò sókè bí ẹni tí ejò bù jẹ, ó ké, ó yí po, ó ṣubú. Nígbà tó dìde, kò sá. Ó lọ gbé àpò kékeré tó fẹ́ lọ gbé tẹ́lẹ̀, ó gbé e padà wá fún obìnrin tó dúró nídìí ìlà ẹfun, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì gbé orí sókè kí obìnrin náà lè gbà á lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó," obìnrin náà ní.

"Kí ló tó? Ṣé ọrùn ẹ ni mo so bẹ́líìtì náà mọ́ ni?"

Àbúrò Ọ̀gá ni obìnrin náà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àǹtí Fèrè ni gbogbo ẹni tó ń wá sí pápá ń pè é, nítorí fèrè tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá ló ni pápá, òun ló ni ilé ajá, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Fèrè ló ń kọ́ àwọn ajá. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lé e jáde, yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ajá ló ń gbé, Ọ̀gá kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé ẹni tó fún un ní yàrá.

Iṣẹ́ àwọn ajá yìí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọdẹ á yìnbọn, ẹyẹ á jábọ́, ajá á lọ gbé e wá láìfi eyín bà á jẹ́. Ìjókòó ló le. Ajá tó dára fẹ́ràn ẹyẹ ju oúnjẹ lọ, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdẹ títí wọ́n á fi rán an. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rán an. Bí ajá mélòó kan bá jókòó pọ̀ lórí ìlà, èyí tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń lọ. Èyí tó bá lọ láìjẹ́ pé wọ́n pè é, wọ́n á ní ó já. Kò sẹ́ni tó ń ra ajá tó ń já, nítorí ọjọ́ kan ló máa já sẹ́nu ìbọn.

Iná ni orúkọ ajá dúdú yìí. Ọ̀gá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ, nítorí kì í lè jókòó síbì kan.

"Àárọ̀ ọ̀la ni Ìyá Awọnlẹ̀ tó fẹ́ rà á ń bọ̀ wá wò ó," Ọ̀gá ní. "Tó bá já lójú ẹ̀, dókítà ẹranko ló máa bá mi yanjú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan péré. Mi ò lè máa bọ́ wèrè."

"Kì í ṣe wèrè."

"Kí wá ni? Sọ ọ́, ìwọ tó o mọ ajá tọ́jú ju ọkọ lọ."

Aṣọ́gbà, tó ń bá wọn ju àpò dípò ẹyẹ láti inú koríko gíga, bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

Àǹtí Fèrè tẹjú mọ́ ajá. Nǹkan kan ló ń dà á láàmú. Láàárọ̀ yẹn, kí Ọ̀gá tó jáde nínú ilé, àpò ti bọ́ síwájú ajá náà, ó ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á lórí. Kò mira. Ọ̀gá dé tán, ajá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àǹtí Fèrè ti rò pé ìbẹ̀rù ni.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní.

Aṣọ́gbà ju àpò. Ajá tẹjú mọ́ ọn títí ó fi kan ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ọ̀gá na rìmóòtù síwájú bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn.

"Ẹ wo ojú ẹ̀! Ó ti fẹ́ ya wèrè ẹ̀. Iná ló ń fẹ́ jẹ."

Ajá lọ. Ọ̀gá tẹ rìmóòtù. Ajá ké.

"Ẹ̀gbọ́n," Àǹtí Fèrè ní, "ẹ pè é ni."

"Mo pe ta?"

"Ẹ ní iná ló ń fẹ́ jẹ. Orúkọ ẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ tẹ nǹkan yẹn lẹ máa ń sọ ọ́. Iná ló máa kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Iná ni màá fún un. Ẹ ń rán an níṣẹ́, ó ń lọ jẹ́ ẹ, ẹ wá ń fìyà jẹ ẹ́. Ajá yìí ò já rí."

"Háà!" Aṣọ́gbà pariwo láti inú koríko. "Òótọ́ mà ni o!"

Ọ̀gá fojú burúkú wò ó, Aṣọ́gbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àpò tí kò sí nílẹ̀.

"Èmi ni mo jẹ̀bi nìyẹn," Ọ̀gá ní. "Ajá ló jàre."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń bẹ̀ yín ni. Lọ́la, ẹ sáà dákẹ́ nídìí ìlà."

"Kí n dákẹ́? Nínú pápá mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá a léjìká. "Ó dáa. Mi ò ní lanu."

Ìyá Awọnlẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàtà rọ́bà dé e lórúnkún, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìbọn rẹ̀. Ilẹ̀ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wọ̀n fún ìjọba, kó tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lọ dọdẹ pẹ́pẹ́yẹ létí omi. Kì í kí èèyàn pẹ́.

"Òun nìyí? Ó rù."

"Kò rù, mà. Kì í sinmi ni," Ọ̀gá ní.

"Tí kì í bá sinmi, kí ni mo wá ṣe níbí?"

"Ẹ yìnbọn, mà," Àǹtí Fèrè ní. "Ẹ máa rí i."

Aṣọ́gbà tú ẹyẹlé kan sílẹ̀. Ìbọn dún, ẹyẹ bọ́ sínú koríko. Ajá ń gbọ̀n, ó ń kùn nínú ọ̀fun, ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí náà ló wà. Àǹtí Fèrè jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó rọra pè é. Ó lọ tààrà, ó gbé ẹyẹ wá. Ìyá Awọnlẹ̀ fi àtàǹpàkò ya ìyẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ń wá ojú eyín. Kò rí i.

Èkejì bọ́ sítòsí débi pé ajá lè na ọrùn kàn án. Ìyá Awọnlẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó ju fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ó tún pàtẹ́wọ́. Ajá ń wo Àǹtí Fèrè.

"Ta ló kọ́ ọ?"

Ọ̀gá la ẹnu.

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bi. Mo rí ẹni tí ajá ń wò."

"Èmi ni, mà," Àǹtí Fèrè ní.

"Ìwọ lò ń tẹ bẹ́líìtì ọrùn ẹ̀ yẹn?"

"Rárá, mà. Èmi kì í tẹ̀ ẹ́."

Ìyá Awọnlẹ̀ kó ọta sínú ìbọn. "Ajá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, olùkọ́ la ò ní. Ilé wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e. Tá a bá parí níbí, wá bá mi nídìí ọkọ̀." Ó yíjú sí Aṣọ́gbà. "Tú ìkẹyìn sílẹ̀!"

Àǹtí Fèrè kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bẹ̀rù kó má baà rí ayọ̀ lójú òun.

Ẹyẹlé kẹta kò fò sókè. Ilẹ̀ ló ń rá pálá, ó ń fi ikùn gbá orí koríko. Ìyá Awọnlẹ̀ fi ẹnu ìbọn tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ ẹni tó ń ṣàlejò.

"Iná wà nílẹ̀, mà. Ṣé kí n ní kí wọ́n máa se omi tíì yín?"

Ajá lọ.

Abẹ́ ìbọn gan-an ló gbà. Ìyá Awọnlẹ̀ kígbe, ó ta ẹnu ìbọn sókè, ọta lọ sójú ọ̀run. Ọwọ́ Ọ̀gá ti wà nínú àpò ṣòkòtò. Ajá ṣubú, ó dìde, ó ń sá lọ. Kò sí ẹyẹ tó jábọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti rán an, nítorí náà ó ń wá a. Imú rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń tú koríko, ó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń ké bó ṣe ń wá a, nítorí Ọ̀gá kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí rìmóòtù.

"Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á!" Ìyá Awọnlẹ̀ dojú kọ Ọ̀gá. "Ohun tí ẹ fẹ́ tà fún mi nìyí?"

"Ẹ má bínú, mà," Ọ̀gá ní. "Mo ní kì í sinmi."

Ìyá Awọnlẹ̀ yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ó ń lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀ láìwẹ̀yìn.

"Ẹ pè é," Àǹtí Fèrè ní. Kò pariwo.

"Mo bi màmá bóyá wọ́n á mu tíì ni."

"Ẹ pè é sẹ́nu ìbọn, Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀gá sún mọ́ ọn. "Gbọ́. Ajá tí mo lè tà fún un ṣì kún inú ilé. Ìwọ ńkọ́? Tó o bá bá a lọ, ta ló máa kọ́ wọn? Èmi?" Ó yọ fóònù rẹ̀. "Lọ bá a. Sọ fún un pé ìwọ lo ba ajá yẹn jẹ́, pé o ò tíì mọṣẹ́. Tó o bá sọ ọ́, ajá ẹ á jẹun lálẹ́ òní. Tó ò bá sọ ọ́, màá pe dókítà ẹranko nísinsìnyí."

Ajá ṣì ń wá ẹyẹ. Àǹtí Fèrè wò ó, ó sì lọ.

"Èmi ni mo bà á jẹ́, mà," ó sọ nídìí ọkọ̀. "Mo kánjú kọ́ ọ. Mi ò tíì mọṣẹ́ dáadáa."

Ìyá Awọnlẹ̀ wò ó pẹ́. "Mo rò pé tí mo bá rí ẹni tó mọṣẹ́, màá dá a mọ̀." Ó pa búùtù ọkọ̀ dé. "Àgbà ti dé sí mi."

Nígbà tí Àǹtí Fèrè padà dé ìlà, ó fọn fèrè, ajá sì wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé o rí i? Kò pa ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé lánàá tí mo sọ fún yín lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?"

"Lánàá kẹ̀? Kó o tó mọ̀ ni mo ti mọ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni. Wò ó." Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ohùn tí wọ́n fi ń pe ọmọ ọwọ́ sọ ọ́. "Iná."

Ajá dìde, ó ń ju ìrù. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ọ̀gá tẹ rìmóòtù.

"Ojoojúmọ́!" Ẹ̀rín ti mú omi jáde lójú rẹ̀. "Ó mọ̀ pé ó máa dun òun o. Síbẹ̀ tí mo bá pè é, á dìde. Kì í gbọ́n!"

Àǹtí Fèrè wo ajá náà nílẹ̀. Ó ti rò pé ẹ̀mí rẹ̀ lòun rà. Ohun tó fi orúkọ ara rẹ̀ rà fún un ni kó máa jẹun lálẹ́, kí wọ́n sì máa pè é láàárọ̀.

Ní ìsàlẹ̀ pápá, Ìyá Awọnlẹ̀ ti ṣíná ọkọ̀ rẹ̀, ó ń yí i padà. Àǹtí Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Níbo lò ń lọ?" Ọ̀gá bèèrè. Lẹ́yìn náà ó kígbe: "Mo ní dúró!"

Ajá jókòó. Àǹtí Fèrè ń lọ.

"Ó dáa. Á dé etí ẹ níbẹ̀."

Igbe ajá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Kò wẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé tóun bá wẹ̀yìn, òun máa padà, tóun bá sì padà lónìí, òun máa padà lọ́la. Ó lọ dúró síwájú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. Ìyá Awọnlẹ̀ sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Kí ló tún dé?"

"Irọ́ ni mo pa fún yín, mà. Ẹ bá mi pa ọkọ̀ yìí, kí ẹ lè gbọ́ nǹkan."

Ìyá Awọnlẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ó sì pa ọkọ̀.