Mìsítúrà Pe Onílé Rẹ̀ Lẹ́jọ́

Àwọn tó gbọ́ pé Mìsítúrà fẹ́ pe Àlàájì Tàjùdéèn lẹ́jọ́ ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ta ni kò mọ Àlàájì ní Peckham, ní London? Ìlà iwájú ni wọ́n ń jókòó sí ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn náà ni wọ́n gba Mìsítúrà sílé nígbà tó ti Ìwó dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ní gbogbo ìgbà tó fi gbé fúláàtì wọn, kò jẹ wọ́n ní owó ilé rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kó lọ sí Brockley, tó ní kí wọ́n dá dípọ́síìtì òun, owó ìdógò tó san kó tó wọlé, padà, Àlàájì ní ó ti ba ògiri yàrá jẹ́, owó náà ni àwọn fi tún un ṣe.

"Àlàájì, ògiri yẹn ti ń hu nǹkan dúdú kí n tó débẹ̀. Òun ló sọ Yusrah ọmọ mi di ẹni tó ń fi inhaler mí."

"Ṣé èmi lò ń pè ní òpùrọ́?" Wọ́n pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ó bẹ Uncle Abdulbasit, akọ̀wé mọ́ṣáláṣí, kó bá òun dá sí i. Àfi bí Uncle ṣe padà wá, tó jẹ́ pé Mìsítúrà gan-an ló tún ń bẹ̀.

"Fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, Mìsítúrà. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Uncle, owó náà ò sí lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọwọ́ Àlàájì ló wà."

Mìsítúrà lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò. Wọ́n là á yé e pé òfin ní kí onílé fi irú owó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ààbò tí ìjọba fọwọ́ sí, Àlàájì kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Láti ìgbà náà, bó bá kí sàláámà lẹ́nu ọ̀nà àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí, àwọn kan á kọjú sí ògiri.

Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, Mìsítúrà dé kóòtù, ó bá Àlàájì níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó wọn, Àlàájà Àsúmáù, tí wọ́n mú wá ṣe ẹlẹ́rìí. Obìnrin tó máa ń gbé oúnjẹ wá fún Yusrah nìyí! Bí òun náà bá ní ògiri náà dára tẹ́lẹ̀, ta ni yóò gba Mìsítúrà gbọ́?

Yàrá kékeré ni wọ́n jókòó sí. Àlàájì sọ tẹnu wọn, ọ̀rọ̀ náà ń dán bí òróró. Adájọ́, obìnrin òyìnbó kan, béèrè ibi tí wọ́n fi dípọ́síìtì náà sí.

"Báńkì mi ni mo fi í sí nígbà tó san án," ni Àlàájì wí.

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá yíjú sí Àlàájà. "Ṣé ẹ rí yàrá náà kí obìnrin yìí tó kó wọ ibẹ̀?"

Àlàájà kọ́kọ́ wo Mìsítúrà.

"Àsúmáù, dá wọn lóhùn," ni Àlàájì wí ní Yorùbá, ohùn wọn ò sì ròkè.

"Mo rí i," ni Àlàájà wí. "Ó ti dúdú. Èmi ni mo fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, ó tún hù. Mo sọ fún Àlàájì pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọdé sùn níbẹ̀."

Àlàájì yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ìyàwó wọn bí ẹni tí kò rí i rí.

Adájọ́ ní kí wọ́n dá gbogbo owó náà padà, kí wọ́n sì san iye kan náà lé e nítorí òfin tí wọ́n rú.

Mìsítúrà rò pé inú òun yóò dùn. Kò dùn. Lójú pópó, Àlàájì ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń fun fèrè. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àlàájà.

"Mummy, ẹ ṣeun."

"Dìde, jọ̀ọ́. Wọ́n bi mí ni, mo sì dáhùn."

"Ẹ jẹ́ ká jọ wọ bọ́ọ̀sì, mà. Ẹ wá simi díẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

Àlàájà mi orí. "Ilé mi ni mò ń lọ. Ohun tí Àlàájì bá fẹ́ sọ, kó sọ ọ́ lójú mi."

Ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó rìn lọ sídìí ọkọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ṣí, ó fi àyè ẹ̀gbẹ́ Àlàájì sílẹ̀ lófìfo.