Ilẹ̀kùn Tó Ń Ké Lórí Fóònù

Ariwo ló fẹ́ pa obìnrin télọ̀ yìí. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú ńlá, máṣínnì ìránṣọ kún yàrá bámúbámú, gbogbo wọn á sì máa pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá délé, ayálégbé òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àga kiri bí ẹni tí wọ́n fi àga ṣépè fún. Ohun kan ṣoṣo ló ń tù ú nínú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń ṣe mẹkáníìkì ní ìlú kékeré tí wọ́n ti dàgbà, á pè é ní gbogbo Sọ́ńdè. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tẹ́tí o." Á wá ṣí ilẹ̀kùn ilé bàbá wọn. Kẹ̀ẹ̀ẹ̀! Obìnrin náà á mí kanlẹ̀.

Káfíńtà ni bàbá wọn, ọwọ́ òsì ló sì ń lò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan ilẹ̀kùn yẹn. Àlejò á tì í títí, á làágùn. Ọmọ ilé nìkan ló mọ̀ pé ọwọ́ òsì lèèyàn fi ń gbé e sókè díẹ̀, kó tó fi orúnkún tì í nísàlẹ̀.

Nígbà tí ìlú ńlá sú u pátápátá, ó ní òun ń bọ̀ wálé wá sinmi, bóyá òun ò tiẹ̀ ní padà mọ́. Yàrá tí wọ́n bí òun sí ni òun fẹ́ sùn sí.

"Ẹ máa bọ̀," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ilé wà bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀."

Ó pàdé rẹ̀ níbùdókọ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò yà sí ọ̀nà ilé.

"Mò ń kun ilé lọ́dà nítorí yín ni. Òórùn ọ̀dà ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ẹ jẹ́ ká lo òtẹ́ẹ̀lì lónìí."

Ẹ wo ọmọ tó láàánú! Ẹ̀gbọ́n ń ṣàdúrà fún un títí wọ́n fi gba ẹ̀yìnkùlé wọ òtẹ́ẹ̀lì náà. Kò bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi gba ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tó jáde wá béèrè omi, ó bá àlejò kan tó ń bá ilẹ̀kùn iwájú jìjàkadì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilẹ̀kùn náà ní búlúù ni. Kó tó ronú, ó ti nawọ́ òsì, ó ti gbé e sókè, ó ti fi orúnkún tì í. Kẹ̀ẹ̀ẹ̀!

Ọmọbìnrin tó ń gbàlejò bú sẹ́rìn-ín. "Mọ̀mí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ṣí! Bọ̀dá Onílẹ̀kùn nìkan la rò pé ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń wá ṣí i, tí wọ́n á na fóònù sí i. A tiẹ̀ rò pé orí wọn ò pé ni. Inú ilé kan tí wọ́n wó ni ọ̀gá wa ti rà á."

Télọ̀ yíjú, ó rí àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyẹn ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Mo ta ilé bàbá wa. Mo fẹ́ sọ, ẹnu mi ò gbà á. Inú yín sì máa ń dùn tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn ilẹ̀kùn náà..."

"Pa ẹnu ẹ dé! Ká ní o tà á, o sì sọ fún mi, màá bínú, màá sì yọ́nú. Ilé bàbá ẹ nìkan ni? Ohùn ilẹ̀kùn bàbá mi lo fi ń tàn mí jẹ! Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani."

Kò sùn níbẹ̀. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ rí ló wọ̀ padà.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, fóònù dún. Ó gbé e. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn nìkan ló ké, kẹ̀ẹ̀ẹ̀.

Kó tó rántí pé òun ń bínú, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó pa fóònù, ó sì sunkún títí tí ayálégbé òkè fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àga.