Ará Tó Ń Bá Yéjídé Jà

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn."

Màmá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ó rún kàlẹ́ńdà 1986 tí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi fún wọn mọ́lẹ̀kùn. Níta, Oyèbọ́lá, àbúrò bàbá Yéjídé lóbìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ṣọlá, tún tẹ họ́ọ̀nù ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀. Láti Olúyọ̀lé ló ti wá sí Agbowó kó lè gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, bó ṣe ń gbé e láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé.

"Mi ò ṣí i," ni Màmá wí. "Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Dókítà ní ará rẹ ló ń bá ọ jà."

Ọ̀rọ̀ náà sú Yéjídé pátápátá. Ojú rẹ̀ wú débi pé agbára káká ló fi ń là á, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń hó bí omi ọṣẹ. Nígbà tí wíwú náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ńṣe làwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i, wọ́n ní ó ti sanra, ayé ń yẹ ẹ́. Ìyẹn nìkan tó kó bínú. Ó wá kan dókítà, ọmọ Bìní kan tó kó èèyàn mọ́ra, tó ní dandan, Yorùbá lòun máa bá Màmá sọ. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àìsàn jà, ti ṣìnà, wọ́n ti kọjú sí kíndìnrín. Ara rẹ̀ ló ń bá a jà. Ohùn dókítà lọ sókè níbi tí kò yẹ, ara di ará, Màmá sì ti gbà pé Oyèbọ́lá ni ọ̀dàlẹ̀ náà kí wọ́n tó jáde ní yàrá dókítà.

"Màmá, ara ni, kì í ṣe ará. Ẹnu ti rẹ̀ mí."

"Ta ló ń gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ wá fún ọmọ tó fẹ́ràn?"

"Dókítà ló ní kí n má jẹ iyọ̀."

"Dókítà kan náà tó ní ará rẹ ni."

Yéjídé wá àga jókòó. Òní ni wọ́n máa ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n bu bíńtín nínú kíndìnrín rẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ oògùn tó máa mú àwọn ọmọ ogun náà rọlẹ̀. Dókítà ti sọ ọ́ gbangba pé bí wọ́n bá fi falẹ̀, kíndìnrín náà lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, àmọ́ ìbínú ló kọ́kọ́ jáde.

"Ó dáa. Ará mi ni. Mo sì mọ ẹni náà."

Màmá kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ta ni?"

"Èmi ni. Èmi tí mò ń gbé inú ara yìí. Bí ẹ bá fẹ́ lé ẹnì kan, èmi ni kí ẹ lé jáde."

Màmá wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kún àkúnya nínú sílípáàsì. Lẹ́yìn náà ló fa kúlà tó ti tì sábẹ́ tábìlì láti àná yọ, ó bu ọbẹ̀ Oyèbọ́lá tọ́ wò, ó sì fajú ro. Ó bu síbí kejì. Ó wá lọ ṣílẹ̀kùn.

"Ìyá Ṣọlá, ẹ kú ọ̀nà. Ọbẹ̀ yín ò níyọ̀."

"Mo mọ̀, ìyàwó wa."

"Ẹ wá bá mi di ọmọ yìí lápá mú," ni Màmá wí. "Bí a bá dọ́hùn-ún, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń sè é."