Ọmọ Igi Inú Báàsì

2.

…nígbà tá a fi máa dé géètì àdúgbò wa, sìkiọ́rítì ti bọ́ fìlà, ó gbé e sáyà.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù,” ó ní.

Ìmísí, ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ sọ pé kì í ṣe òkú. Mo yára gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀fun ló pa á.”

Àpótí dúdú. Ó gùn jù mí lọ. Orí ọmọláńké ló wà. Láti Mile 2 la ti ń tì í bọ̀ wá sí Festac, torí kò sí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbà láti gbé e. Obìnrin kan tó ń ta ìpékeré gbé igbá ẹ̀ kalẹ̀, ó bá wa sunkún títí a fi sọdá títì. Ó fún wa ní ìpékeré. A jẹ ẹ́.


3.

WỌ́SÁÀPÙ: ARÁ KÍLÓÒSÌ WA

Bàbá Ọbáfẹ́mi, Alága: Ta ló gbé òkú wọ kílóòsì yìí láìsọ fún alága?

Màmá Yétúndé: Ẹ̀jẹ̀ Jésù

Màmá Yétúndé: Ilé Dìákónẹ́sì Ọlákìtán ni. Mo rí wọn lójú fèrèsé mi

Dammy: Ẹ má bínú sà. Ó ti ń jí

Ìmísí: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ohun èlò orin ni. Báàsì ńlá, bíi gòjé tó sanra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá Dammy àbúrò mi lóhùn

*Alága ti yọ Dammy kúrò*


1.

Ó yẹ kí eléyìí ṣíwájú. Ó ti dé báyìí.

Ohùn tí mo gbà sórí fóònù, àgbàlá kọ̀ǹténà Ẹ̀gbọ́n Seth, Mile 2:

ÌMÍSÍ: Ṣé kò sí ibi tó ti là?

SETH: Fọwọ́ pa á. Ara ẹ̀ ń dán ju tèmi lọ.

DAMMY: Ìyẹn ò le.

ÌMÍSÍ: Ọmọ igi inú ẹ̀ ńkọ́?

SETH: Igi wo?

ÌMÍSÍ: Igi kékeré kan máa ń dúró nínú ikùn ẹ̀, láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Wọn kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Bí okùn ṣe ń tẹ iwájú mọ́lẹ̀ ló ń di igi yẹn mú. Dammy, tan iná síhò yìí. Hẹn. Ó wà níbẹ̀.

DAMMY: Tí kò bá wà níbẹ̀ ńkọ́?

ÌMÍSÍ: Okùn á máa tẹ iwájú lọ títí tó fi máa wó sínú ara ẹ̀.

DAMMY: Ẹ̀gbọ́n Seth, ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?

SETH: Kò wá a mọ́.

DAMMY: Kí ló dé?

SETH: Ṣé ẹ máa gbé e àbí ẹ ò ní gbé e? Tó bá ti jáde níbí, kò ní padà síbí.


4.

*Sí Ìmísí Ọlákìtán. A máa gbọ́ ọ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ orin wa ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Gbé báàsì tìẹ dání, a ò ní èyí tá a lè yá ọ. Ẹnì kan ṣoṣo la máa mú. Ẹni tá a bá mú, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ orin ẹ̀ títí tó fi máa jáde.*

Ó kà á fún wa nínú pálọ̀. Màámi ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Nígbà tó ku èmi àtòun, ó ní: “Dammy, gbogbo nǹkan mi lo ti fi ṣeré. Má fi eléyìí ṣeré.”

Mo ní mo gbọ́.


5.

Ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀ wa:

ÒFIN BÁÀSÌ

Ẹ má gbé e sí ojú oòrùn. Á là.

Tẹ́ ẹ bá máa tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ fi tẹ́ ẹ. Ẹ má dojú ẹ̀ délẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ kan irun ara ọ̀pá tí mo fi ń fà á. Irun ẹṣin ni. Oje igi gbígbẹ nìkan ló ń lọ síbẹ̀, kí irun lè máa mú okùn.

ỌMỌ IGI INÚ Ẹ̀: ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN ÁN LÁÉLÁÉ.

Dammy, ìwọ ni mò ń bá wí.

*Ẹ má fún un lẹ́wà. Á máa sọ̀rọ̀.*

(Èmi ni mo fi bírò kọ ti ìsàlẹ̀ yẹn. Màámi kà á. Kò rẹ́rìn-ín.)


6.

Tòkunbọ̀ kì í wọlé wa lásán. Màámi ta òróró àdúrà sí fíríìjì. Ó ta òróró sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ta á sí ṣòkòtò òkìríkà mi, iwájú àti ẹ̀yìn, mo wọ̀ ọ́ jáde, àwọn eṣinṣin tẹ̀ lé mi.

“Ta ló mọ ilé tó ti wá?” Màámi ní. “Ta ló mọ ẹni tó kú lé e lórí?”

Ó ta òróró sí ọrùn báàsì. Ó fi pa okùn. Ó mú ọ̀pá, ó fi pa irun ẹṣin náà, ó pa á dáadáa, bí ẹni ń pa orí ọmọ tuntun.

Ìmísí dé láti ibi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní píánò. Ó gbé ọ̀pá lé okùn. Ó fà á.

 

Kò sí nǹkan. Bí ẹsẹ̀ lórí ilá.

Ó jókòó, ó ń fi sípíríìtì fọ irun náà, ìdì kan lẹ́yìn ìdì kan. Kò jà. Ó kàn ní, “Màámi, ẹ ṣeun. Òróró ti tó báyìí.”


7.

DAMMY: Ẹ̀gbọ́n, igi yẹn ti ṣubú o.

Kó tó wò ó rárá, ó ti ń yí kọ́kọ́rọ́ okùn, ó ń dẹ gbogbo wọn, kí iwájú má bàa wọlé. Lẹ́yìn náà ló tan iná wo inú.

Igi dúró gbagidi.

Mo ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀.

Ó lo gbogbo ọ̀sán láti fi yí okùn padà sí ohùn wọn.

ÌMÍSÍ: Wò mí lójú. Tó o bá tún sọ̀rọ̀ igi yìí fún mi láyé, mi ò ní gbọ́. Ṣé o gbọ́?

DAMMY: Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ò ní gbọ́, àbí èmi ni kí n gbọ́?


8.

Tí Bàbá Ọbáfẹ́mi bá tan jẹnẹrétọ̀, báàsì máa ń dá a lóhùn.

hùùùùùùùùn

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìmísí ní: ìró jẹnẹrétọ̀ ló ń gbọn okùn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó dákẹ́.

Màámi ní: “Kí ló dé tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu?”


9.

Màámi, lórí fóònù, sí Pásítọ̀ Gbádébọ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn:

Látìgbà tó ti wọlé, sà, fíríìjì kú.

Orúnkún mi ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ajá Màmá Yétúndé ò kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa mọ́.

Mo lálàá, mo rí olóògbé ọkọ mi nínú àpótí yẹn. Ó jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn. Kò kí mi.

Ó ń kérora, sà.

Mo wá fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀. Sà, igi kan wà níbẹ̀. Ó dá dúró. Kò sóhun tó dì í mú.


10.

Ìmísí ti lọ síbi iṣẹ́ píánò ẹ̀. Fóònù mi ń gba ohùn, torí mo rò pé mo máa rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín.

PÁSÍTỌ̀: Ta ló gbé e síbẹ̀?

MÀÁMI: A bá a níbẹ̀ ni, sà.

PÁSÍTỌ̀: Ọwọ́ mi ò wọ ihò yìí. Ọmọkùnrin, mú haǹgà aṣọ wá.

DAMMY: Sà, ẹ̀gbọ́n mi ní ká má fọwọ́ kàn án. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ wò ó.

PÁSÍTỌ̀: “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láéláé.” Dìákónẹ́sì, ẹ ò rí i? Báwo ni wọ́n á ṣe tún kọ èèwọ̀?

MÀÁMI: Hẹ́ẹ̀. Nínú pálọ̀ mi.

DAMMY: Sà, òun ló gbé iwájú dúró. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ó máa wó.

MÀÁMI: Dammy.

DAMMY: Mà.

MÀÁMI: Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́?

 

PÁSÍTỌ̀: Haǹgà.

Ọwọ́ tiwọn tóbi. Ọwọ́ tèmi ló wọ ihò náà, pẹ̀lú haǹgà.

kọ̀

kọ̀

gbì


11.

Wọ́n da kẹrosíìnì sí igi náà lẹ́yìnkùlé. Kò tètè jó.


12.

Jẹnẹrétọ̀ Bàbá Ọbáfẹ́mi tàn.

Báàsì ò dáhùn.

Màámi kúnlẹ̀ sórí orúnkún tó ń dùn ún.


13.

ÌJẸ́RÌÍ, Ọjọ́ Ìsinmi, lórí maíkì ṣọ́ọ̀ṣì:

DÌÁKÓNẸ́SÌ: Ohun tó ń kérora nínú ilé mi ti dákẹ́.

ÌJỌ: Hàlẹ̀lúyà.


14.

Ìmísí fà á. Ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìrọ̀rí.

“Òjò yìí ni,” ó ní. “Igi máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́.”

Okùn ti dẹ̀. Ó yí i kó le.

Lọ́jọ́ kejì, okùn ti tún dẹ̀. Ó tún yí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí òun ò mọ̀: iwájú ń wọlé, ìyẹn ni okùn fi ń dẹ̀. Òun ń yí i kó le. Bó ṣe ń le, bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ iwájú wọlé sí i. Ìyẹn ni okùn fi ń dẹ̀.

Mo wò ó látẹ̀gbẹ́. Iwájú ẹ̀ ti jìn díẹ̀, bí ìrọ̀rí tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbórí kúrò lórí ẹ̀.


15.

Dammy: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yọ igi

Ìmísí: Hẹn

Dammy: Pásítọ̀ àti Màámi. Wọ́n sun ún lẹ́yìnkùlé

Ìmísí: Lánàá o ní báàsì lóyún

Dammy: Àwàdà nìyẹn. Eléyìí kì í ṣe àwàdà

Ìmísí: Ohun tó o sọ náà nìyẹn lọ́jọ́ tó o ní wọ́n ti jí Màámi gbé

Dammy: Ẹ ṣáà tan iná wo inú ẹ̀

Ìmísí: Kí n tún wá dẹ okùn? Kí n tún fi ọ̀sán kan ṣòfò? Sátidé ti dé tán. Fi mí sílẹ̀

Dammy: Ẹ jọ̀ọ́

*Ìmísí ti bùlọ́ọ̀kì ẹ*


16.

Níbi oúnjẹ alẹ́:

ÌMÍSÍ: Màámi, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọ yín ń sọ? Ó ní ẹ̀yin àti Pásítọ̀ yọ igi inú báàsì mi, ẹ sun ún.

MÀÁMI: Jẹun, Ìmísí. Ẹja ẹ ń tutù.

Ìmísí wò mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó jẹ ẹja ẹ̀.


17.

Mo gbìyànjú láti dẹ okùn nígbà tó ń wẹ̀. Ó ká mi mọ́ ọn. Ó gbá mi lọ́wọ́, ó gbé báàsì wọ yàrá ẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo fi etí lé ògiri.

 

kà

 

 

 

kà


18.

Àárọ̀ Sátidé. Màámi wá bá mi ní kíṣìnì. Ó sọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀.

MÀÁMI: Igi yẹn. Ṣé lóòótọ́ ni nǹkan tó o sọ?

DAMMY: Lóòótọ́ ni, Màámi.

MÀÁMI: Fi Bíbélì búra.

DAMMY: Mo fi búra. Ẹ sọ fún un. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, á gbọ́.

MÀÁMI: Kí n sọ fún un pé èmi ni mo ṣe é? Lónìí?

DAMMY: Lónìí ni, Màámi.

Ó gbé ìgò òróró ẹ̀ sínú báàgì.

MÀÁMI: Ọlọ́run á dì í mú.


19.

Gbọ̀ngàn, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ìmísí wà níwájú pẹ̀lú báàsì. Èmi àti Màámi wà lẹ́yìn. Fóònù mi ń gba ohùn.

OLÙDÁJỌ́: Ẹ káàbọ̀. Okùn kẹta yín ti dẹ̀ díẹ̀.

ÌMÍSÍ: Ẹ má bínú, mà. Mò ń yí i.

kà

OLÙDÁJỌ́: Kí nìyẹn?

ÌMÍSÍ: Bóyá àga ni, mà.

DAMMY: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yí i mọ́.

OLÙDÁJỌ́: Ta nìyẹn?

ÌMÍSÍ: Àbúrò mi ni, mà. Aláwàdà ni.

(Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó dáa ni. Mo ti ń wá irú ẹ̀ látìgbà tí mo ti wà ní kékeré.)

OLÙDÁJỌ́: Ó ku díẹ̀ kó dé ohùn ẹ̀. Ẹ yí i sí i.

Ìmísí gbé àyà ti báàsì, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ọrùn ẹ̀, kó lè gbọ́ okùn dáadáa. Ó na ọwọ́ sókè, ó di kọ́kọ́rọ́ okùn mú.

Àga dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màámi ti dìde.

MÀÁMI: Ìmísí.

ÌMÍSÍ: Mà?

Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lórí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sẹ́yìn.

MÀÁMI: Òótọ́ ni Dammy ń sọ.