Nǹkan Tó Wà Nínú Mọ́ínmọ́ín

Oṣù kẹta rèé tí Ṣẹ̀fíátù ti kúrò ní Olúpọ̀nnà wá sílé ọkọ ní Ìwó, àwọn ọmọ Yẹ̀kínì ọkọ rẹ̀ kò tíì jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ yó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá tó bí wọn ti kú láti èṣín. Zakiyyah ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, Mùrí àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Índómì àti búrẹ́dì ni tiwọn. Bó bá se tẹ̀tẹ̀, Mùrí á di imú. Bó bá se ẹ̀bọ̀lọ̀, Zakiyyah á rọra ti abọ́ sẹ́yìn.

"Àǹtí, a ti yó."

Ta ló ń yó láìjẹun? Adìẹ ló ń bá Ṣẹ̀fíátù jẹ ọbẹ̀, ìtìjú ló sì ń bá a sùn. Ó ti lé ní ogójì ọdún, kò bímọ nílé ọkọ àkọ́kọ́. Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ti là á mọ́lẹ̀ fún un: bí oṣù yìí bá fi parí tí àwọn ọmọ ṣì ń rù, Kuta ni wọn yóò kó wọn lọ, sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wọn.

Òjò wá rọ̀, gbúre hù bẹẹrẹ létí kànga ẹ̀yìnkùlé. Ọgbọ́n kan bá sọ sí i lọ́kàn. Ó já gbúre, ó wẹ̀yìn wò, ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ títí, ó pò ó mọ́ ẹ̀wà lílọ̀, ó da epo lé e kí àwọ̀ ewé má baà hàn. Ó pọ́n ọn sínú ewé, ó sè é.

Mùrí jẹ méjì. Ó tún na ọwọ́.

"Ìyàwó, ọwọ́ rẹ dùn lónìí o," Ìyá Àgbà ní. "Kí lo fi sí i?"

Ṣẹ̀fíátù wo ọwọ́ Mùrí nínú awo. Bó bá dárúkọ ẹ̀fọ́, ọwọ́ á kúrò láwo. "Kò sí nǹkan kan, mà. Ẹ̀wà lásán ni."

Àfi bí Zakiyyah ṣe fa fọ́nrán ewé kan yọ láàárín eyín. Ó gbé e sókè.

"Àǹtí, kí lèyí?"

Ṣẹ̀fíátù na ọwọ́ láti gbà á.

"Ẹ ní kò sí nǹkan kan." Zakiyyah yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Mùrí, tu ú dànù! Wọ́n fi nǹkan sí i!"

Nǹkan. Ta ni kò mọ ohun tó ń jẹ́ nǹkan, bó bá jẹ́ ìyàwó tuntun ló fi í sínú oúnjẹ ọmọ olóògbé? Mùrí bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà rọra yọ ọwọ́ tiwọn náà kúrò nínú awo. Ọwọ́ yẹn dun Ṣẹ̀fíátù ju ìgbátí lọ.

Ó kúnlẹ̀. "Gbúre ni, mà. Gbúre ẹ̀yìn kànga. Ẹ̀rù... ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní jẹ." Ó mú èyí tí Zakiyyah jẹ kù, ó ń jẹ ẹ́ lójú wọn.

"Súbúhánálà!" Ìyá Àgbà ní. "Gbúre lò ń fi pamọ́ bí ẹrù olè? Ìyá wọn ń sè é o! Látọjọ́ tó ti kú ni wọn ò ti fẹ́ rí ewé mọ́. Ṣé o bi mí rí?"

Kò bi wọ́n rí.

Ó lọ já òmíràn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí gbogbo ojú ti lè rí ọwọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, òjìji kan dúró lé e lórí. Zakiyyah ni.

"Ẹ ò fún omi rẹ̀ dànù. Òun ló jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín yẹn rọ̀ bí ògì. Mọ́mì máa ń bọ̀ ọ́, wọ́n á wá fún un."

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò bèèrè ni."

Ṣẹ̀fíátù ti abọ́ sí i. Ọmọ náà lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà hàn án. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, Zakiyyah bù ú sórí ẹ̀kọ, ó gbé e fún Ṣẹ̀fíátù.

"Ẹ ṣe bísímílà, kí ẹ kọ́kọ́ jẹ."

Ó jẹ. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi gbé e mì.

"Ṣé nǹkan wà nínú ẹ̀?" Mùrí ké láti yàrá.

"Gbúre ló wà nínú ẹ̀. Wá jẹun," Zakiyyah dá a lóhùn.

Ìyá Àgbà wúkọ́. "Ọ̀rọ̀ Kuta yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná."

Ṣẹ̀fíátù kò gbójú sókè. Ó tún bù sẹ́nu ṣáájú wọn, ó gbé e mì, ó ń dúró kí ọwọ́ àwọn ọmọ wọ inú awo.