Bọ́ọ̀lù Tí Ẹnikẹ́ni Ò Wá

Irena Nowicki ti kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ pé kó má gbé bọ́ọ̀lù náà jáde. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó tún fẹ́ sọ ọ́. Casimir ní òun ti gbọ́. Àmọ́ ẹni tí ọmọ kú mọ́ lójú, etí rẹ̀ a máa gbọ́, ọkàn rẹ̀ a sì máa ṣe tirẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe padà sílé ìdáná báyìí, Casimir nawọ́ sókè pẹpẹ, ó mú bọ́ọ̀lù ọmọ wọn, ó tì í bọ àpò ọ̀tún jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Tadeusz lorúkọ ọmọ náà, Tad ni wọ́n ń pè é. Ìgbà òtútù tó kọjá ni ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín lọ́nà Detroit, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Láti kékeré ni òun àti bàbá rẹ̀ ti jọ ń jókòó sẹ́yìn pápá àwọn Lékeléke, ẹgbẹ́ beesibọ́ọ̀lù ìlú Toledo tó ń fi kóńdó gbá bọ́ọ̀lù kékeré, níbi tí oòrùn ti ń pani tí bíà sì ń dà síni lára. Bọ́ọ̀lù yẹn ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju nǹkan kó lọ tààrà. Tad fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí i nígbà tí kò tíì mọ̀wé kọ dáadáa, lẹ́tà kan ga, ìkejì wọ́. Ohun tí Casimir fẹ́ kò ju pé kó gbé e sórí ìjókòó Tad lẹ́ẹ̀kan péré, kó wò ó, kó sì gbé e padà sílé. Ṣé ìyẹn náà wá pọ̀ jù fún bàbá?

Bọ́ọ̀lù mìíràn wà lápò òsì rẹ̀, èyí tó rà ní ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú. Gbogbo ará ẹ̀yìn pápá ló ń gbé irú rẹ̀ lọ́wọ́. Èèwọ̀ ibẹ̀ ni pé bí agbábọ́ọ̀lù tó wá ṣàlejò bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri tó bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, o ò gbọdọ̀ mú un lọlé. Ńṣe ni wàá jù ú padà sórí pápá, kí alátakò lè mọ̀ pé a ò fẹ́ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló rí ohun rere tó fẹ́ jù ú nù? Nítorí náà, ayédèrú ni wọ́n ń jù padà, ojúlówó a wọ àpò. Gbogbo wọn ló mọ̀, gbogbo wọn ló sì ń díbọ́n.

Àlejò ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Rafael Quiñónez ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri nígbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn ni gbogbo ayé sì ń retí, owó ńlá sì wà lórí bọ́ọ̀lù tó bá fi gbá a. Torí ẹ̀, nígbàkigbà tó bá dúró láti gbá, àwọn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti fi àmì ìkọ̀kọ̀ sí ni wọ́n ń jù sí i, kí oníjìbìtì má baà gbé irọ́ wá lẹ́yìn ọ̀la.

"Kaz, tó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, o ti dolówó nìyẹn o," ni Lonnie Schaub wí fún Casimir. Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àtọmọ níbẹ̀. Ó ń jẹ sọ́séèjì, músítádì ti kùn ún dé imú.

"Kí n dolówó kí n wá fi ṣe kí ni?"

"Kó o fi ra fìlà. Èyí tó o dé yẹn, ẹyẹ gan-an ò ní gbà kó yé sínú ẹ̀."

Casimir rẹ́rìn-ín, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí kóńdó Quiñónez fi dún gbàù. Bọ́ọ̀lù gòkè, ó gòkè, ó wá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn èèyàn ń ti ara wọn, bíà ń fò sókè. Casimir na ọwọ́ òsì tó fi ìbọ̀wọ́ awọ sí, bọ́ọ̀lù sì wọ inú rẹ̀ pọ̀ọ̀.

"Jù ú padà! Jù ú padà!" Gbogbo ẹ̀yìn pápá ló ń hó.

"Jù ú, Kaz!" Lonnie ń gbá a léjìká. "Àbí Quiñónez ti di àna ẹ ni?"

Orí rẹ̀ wú. Ó fi ìbọ̀wọ́ àti ojúlówó há abíyá. Ọwọ́ ọ̀tún ló ṣófo, àpò ọ̀tún ni ọwọ́ náà sì bọ́ sí. Kò wo ohun tó mú jáde. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ ọ́ sórí koríko. Agbábọ́ọ̀lù Lékeléke tó wà nítòsí mú un nílẹ̀ tìbínú-tìbínú, ó sì sọ ọ́ kọjá ògiri ẹ̀gbẹ́, sínú odò Maumee tó ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ lọ sínú adágún. Àwọn èèyàn kígbe ayọ̀. Casimir náà kígbe, ó sì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi wá mú un lọ sí yàrá kan nísàlẹ̀ pápá. Ọ̀gbẹ́ni Breck, aṣojú ẹgbẹ́ Quiñónez, tan iná kékeré kan sára bọ́ọ̀lù, àmì náà sì yọ. Ojúlówó ni.

"Bàbá, ẹ gbọ́n o!" ni Breck wí. "Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́. Kóńdó tó fi gbá a ńkọ́? Ẹ fẹ́ owó? Ẹ fẹ́ kó wá bọ̀ yín lọ́wọ́?"

"Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ n fi bá a ṣe ń ṣe é hàn yín," ni Casimir wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ayédèrú la máa ń jù. Ọmọ mi ló máa ń..."

Ó ti ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún láti mú bọ́ọ̀lù Tad jáde, kí ó fi yangàn. Àpò ṣófo. Ó ti ọwọ́ bọ tòsì. Bọ́ọ̀lù tó bọ́ sórí tábìlì mọ́ tónítóní, ìlẹ̀mọ́ ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀.

"Bàbá, ṣé kò sí wàhálà?"

"Èyí tí mo jù," ni Casimir wí. "Ẹ lọ bá mi mú un wá. Ẹ gba èyí, mi ò fẹ́ owó, mi ò fẹ́ kóńdó. Èyí tí mo jù yẹn ni kẹ́ ẹ bá mi mú wá."

Breck rò pé ńṣe ló ń nájà. "Ẹ̀yin náà ti sọ pé ayédèrú ni, sà."

"Ti ọmọ mi ni! Ẹ rán àwọn òmùwẹ̀ lọ! Torí eléyìí, gbogbo ẹgbẹ́ yín ló fẹ́ pa ara wọn, ẹ ò wá lè rán ẹnì kan péré wọ odò?"

Breck fa àga jáde fún un. "Bàbá, omi yẹn ti ń gbé e lọ sínú adágún láti ìgbà tá a ti dé ibí," ló fi ohùn jẹ́jẹ́ wí.

Casimir ò jókòó. Ó fi bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé ń wá sílẹ̀ níbẹ̀, kò gba nǹkan kan, ó sì lọ wọkọ̀.

Irena ti pa tẹlifíṣàn nígbà tí Casimir wọlé, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ló ṣì jókòó sí. Omi oúnjẹ ti gbẹ tán lórí iná, kò sì bìkítà.

"Wọ́n ń fi í hàn léraléra," ló wí. "Mo dá a mọ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ."

"Irena, àpò ni mo ṣì. Mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. O ń pàtẹ́wọ́, Kaz. Mo rí ẹ níbi tó o ti ń pàtẹ́wọ́."

Casimir kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Bí Irena bá bú u ì bá dára, bó bá lù ú ì bá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ni kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Ọjọ́ tá a sin Tad, gbogbo èèyàn ló wá," ni Irena wí. "Àlùfáà wá, àwọn ará ilé iṣẹ́ gíláàsì tó o ti ń ṣiṣẹ́ wá. Mo jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, torí mo mọ̀ pé ó ku nǹkan kan nílé tí wọn ò lè bá mi sin. Òní lo wá sin ín tán. O sì sin ín láì pè mí."

Casimir na ọwọ́ sí i. Obìnrin náà kò gbá ọwọ́ ọ̀hún dànù, kò sì dì í mú.